Ohùn Inú Yàrá Kòkó

Ọjọ́ tí owó dé, Qudrah kò jó, kò sì yọ̀. Ó sùn ni. Fóònù ń dún lórí àga, áláàtì ń gun áláàtì lẹ́yìn, obìnrin náà na ara sórí ẹní ní ọ̀sán gangan, ó sùn títí àkókò ìrun Àsárì fi kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó ti ń kọ ìtàn láti ọdún pípẹ́ wá fún àwọn tó ń sọ pé "a ṣì ń retí òmíì o" láì bèèrè bóyá òǹkọ̀wé ti jẹun, tó bá rí owó lójijì, oorun ló máa kọ́kọ́ fi rà.

Àbúrò rẹ̀, Rafiat, ló wá jí i.

"Àǹtí mi, ẹ dìde. Ulé ti kún. Èrò tó wọ inú gúrúùpù ìtàn wa lónìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ikọ́ sì dí i lọ́nà. Ó fi etí híjáàbù bo ẹnu, ó wú u, ó wú u. Nígbà tó mú aṣọ náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó pọ́n, ó sì ki. Rafiat ṣẹ́ aṣọ náà po kíá. Qudrah gbójú kúrò, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Ó rí ẹ̀jẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò rí i, ó sì mọ ibi tó ti wá.

Ìlọ́fà ni àwọn méjèèjì ń gbé, nínú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ. Ìtàn ìfẹ́ ni Qudrah ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ mo-rí-ọ-mo-fẹ́-ọ. Nínú tirẹ̀, òkú ló ń fẹ́ alààyè. Àkúdàáyà ni: ọkùnrin tó kú ní ìlú kan, tó lọ jókòó sí ìlú òmíì tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó gbéyàwó, tó bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan fi máa kàn án, tí yóò pè é lórúkọ, tí yóò sì pòórá. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Qudrah ti kọ àkúdàáyà télọ̀, ó ti kọ àkúdàáyà tíṣà, ó ti kọ èyí tó ń wa ọkọ̀ láti Òsì lọ Ìlọrin. Àwọn obìnrin fẹ́ràn wọn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ tó wà láàyè kì í bá sọ̀rọ̀, ó máa ń wù ú kí òkú kan wá rẹ òun lẹ́kún.

Kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń kọ, òun ló ń tún un ṣe, òun ló ń ya àwòrán iwájú ìwé lórí fóònù títí ojú fi ń ro ó. Bó bá tẹ ìwé ní Ìlọrin, òun náà ló ń rù ú kiri. Àwọn kan á jí ìtàn rẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i, àwọn òǹkàwé rẹ̀ á sì lọ máa kí olè kú iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé bó bá kọ "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" báyìí, ó dà bí ẹni ń kọ orúkọ sára àpò èlùbọ́.

Ohun tó ń gbé e dúró ni Rafiat. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn kì í kàwé. Onídìrí ni wọ́n, adíngàrí ni wọ́n, ọwọ́ wọn kì í ṣófo. Nítorí náà, bí Qudrah bá ti kọ orí kan tán, Rafiat á kà á sínú fóònù, wọ́n á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Ọmọ náà ní ohùn. Bó bá ṣe ọkùnrin, ọkùnrin ni. Bó bá ṣe òkú, ara á bù ẹ́ máṣọ. Bó bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdágbére, àwọn adíngàrí á gbé igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí sílẹ̀.

Susanna ló mú Qudrah lọ síbi tí owó náà ti wá. Òǹkọ̀wé bíi tirẹ̀ ni Susanna, ará Òbò-Ayégúnlẹ̀, àwọn méjèèjì ti jọ jìyà dáadáa. Lójijì ni Susanna kọ́ ilé, tó gbẹ́ kànga, tó ra ọkọ̀. Màmá rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu wọn ló ti ń gbọ́ gbogbo ìtàn tó ń kọ, kò jáde mọ́. Susanna ní wọ́n ti gbé wọn lọ sí Èkó fún ìtọ́jú ojú.

"Qudrah, ṣé o ò fẹ́ sinmi?" Ohun tí Susanna bi í nìyẹn. Kò bi í pé ṣé kò fẹ́ lówó.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Ìdọ̀fin. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò sí ilé, wọ́n sì já igbó wọlé. Yàrá ìkókòkósí àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pa tì, bíríkì láìsí fèrèsé kankan, páànù lórí rẹ̀ ti pọ́n. Nínú, òkùnkùn. Òórùn kòkó tó bu ní ọdún pípẹ́ ṣì wà lára ògiri. Oòrùn na páànù náà títí inú yàrá fi gbóná bí ààrò, ọkùnrin tó jókòó ní àárín rẹ̀ kò sì làágùn rárá.

Baba Oníkòkó ni wọ́n ń pè é. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó mọ́ tónítóní. Ilà ojú rẹ̀ kì í ṣe ti agbègbè yẹn, ohùn rẹ̀ náà kì í ṣe ti ibẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Òkè-Ògùn. Ó wo Qudrah fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni ó wí.

Omijé bọ́ lójú Qudrah. Láti ìgbà tó ti ń kọ̀wé, kò sí ẹni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un.

"Ta ló ń ka ìtàn rẹ sí wọn létí?"

"Àbúrò mi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Alágbàro kan ń gbọ́ ọ lórí fóònù kọjá níbí. Ohùn yẹn dùn. Ohùn yẹn ni màá fi ṣe okùn. Màá jù ú sáyé, á máa fa èrò wá fún ọ, owó wọn á tẹ̀lé wọn. Ìwọ á sinmi."

"Ṣé kò ní pa á lára?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n inú ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò sí itọ́ níbẹ̀.

"Ìwọ òǹkọ̀wé. Okùn tí wọ́n fi ń fa omi lójoojúmọ́, ṣé o ti rí èyí tí kì í gbó? Bó bá gbó, a ó wá òmíì. Lọ mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá, ìwọ̀nba tí òwú kan lè mu. Má wulẹ̀ wá tún béèrè ohun tí o ti mọ ìdáhùn rẹ̀."

Ó yẹ kó dìde níbẹ̀. Ó yẹ kó sá títí dé títì. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ sì ní bó ṣe máa ń bá èèyàn dá àbá. Ó ní bóyá àbùmọ́ ni. Ó ní bóyá á kàn máa rẹ Rafiat díẹ̀, òun á sì fi owó náà tọ́jú rẹ̀.

Ó ra abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ibà. Ó sọ fún Rafiat pé ibà ti pọ̀ nígboro, kí àwọn ṣe àyẹ̀wò. Rafiat na ìka fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rọra o, uṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń fi ìka yìí ṣe." Qudrah gún un, ó fi òwú nu ẹ̀jẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Oníkòkó gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́nu. Kò jẹ ẹ́. Ó ń fà á mu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àwọ̀ ojú rẹ̀ tó ti rí bí eérú tẹ́lẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tu òwú náà sọ́wọ́, ó ti funfun, ó sì ti gbẹ. Ó fi í sínú èèpo kòkó kan, ó gbé e ka iwájú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀:

"Igba ewé kì í já kí ilẹ̀ má gbà á... ilẹ̀, gba. Igba ẹnu kì í pè kí etí má gbọ́... etí, gbọ́. Afẹ́fẹ́ kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé kó tó wọlé. Kí wọ́n wá, kí wọ́n má béèrè ọ̀nà. Ohùn ọmọ yìí nokùn, àwọn nẹran. Ohùn rẹ̀ á máa dùn, ara rẹ̀ á máa gbẹ. Ilẹ̀... ilẹ̀, gba."

Ẹ̀rù ń ba Qudrah. Síbẹ̀ fóònù rẹ̀ wà ní títàn nínú báàgì, ó ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi òǹkọ̀wé èyíkéyìí léèrè: ọfọ̀ ṣòro-ó hun. Ẹni tó bá rí èyí tó jẹ́ ojúlówó, kò ní jẹ́ kó lọ, bí ilé tilẹ̀ ń jó lé e lórí.

Báyìí ni èrò ṣe wọ́ wá, tí áláàtì ń dún, tí Qudrah sì sùn.

Ó pààrọ̀ páànù ilé. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún Rafiat, àti wàrà, àti ẹyin, àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Rafiat kò lè jẹ wọ́n. Lójoojúmọ́ ló ń kàwé sínú fóònù, lójoojúmọ́ ló ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, egungun àyà rẹ̀ yọ síta, irun rẹ̀ ń já sínú kóòmù. Ohùn rẹ̀ ń dùn sí i ni ṣá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò yíká, wọn ò rí nǹkan kan.

"Ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró díẹ̀, Àǹtí mi," ni Rafiat wí lọ́jọ́ kan.

"Bí a bá ti parí ìwé yìí," ni Qudrah dáhùn.

Ìwé náà dé ibi tí babaláwo inú ìtàn yóò ti pọfọ̀. Rafiat bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èémí rẹ̀ kò tó o. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ru gba imú. Qudrah ní kó lọ dùbúlẹ̀. Àwọn èèyàn ń retí orí náà, wọ́n ti ń ráhùn. Ó rántí ohun tó gbà sílẹ̀ nínú yàrá kòkó. Ó gé ọfọ̀ náà láti ibẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín kíkà Rafiat, ó sì fi ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó bá a mu gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìyìn pọ̀. Láàárín wọn ni ohùn obìnrin àgbàlagbà kan wà. Ìyá Naheem ni, opó kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ìgbòho, ó ti ń gbọ́ ìtàn wọn tipẹ́tipẹ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Òǹkọ̀wé, ẹ dákun. Ọkùnrin tó pọfọ̀ nínú ìtàn yẹn, ta ni? Ẹ má bínú sí mi. Mìkáílù ni. Mìkáílù Àlàdé, ọkọ mi. Mo mọ bó ṣe máa ń dánu dúró kó tó pe 'ilẹ̀'. Ó ti kú, ó pẹ́. Èmi ni mo ṣí fìlà lórí rẹ̀, fìlà náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Mo jókòó opó rẹ̀, mo ṣe é pé. Ẹ dákun, níbo lẹ ti rí ohùn rẹ̀?"

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Qudrah lọ́kàn ni pé ìtàn yìí máa tà. Ẹ rí i bí iṣẹ́ yẹn ṣe bà á jẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni òtútù mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ọkùnrin tí kì í làágùn. Ilà ojú tí kì í ṣe ti ibẹ̀. Ẹnu tí kò nítọ́. Láti ọdún pípẹ́ wá ló ti ń kọ àkúdàáyà, ó bá ọ̀kan jókòó lójúkojú, kò mọ̀ ọ́n.

Nínú yàrá, Rafiat ṣubú.

Ó bá a nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí ikọ́, ó kàn ń sun ni. Ó gbé e, ó fúyẹ́ jù. Rafiat fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tó dùn bí oyin jáde nínú ẹnu tí ètè rẹ̀ ti ya: "Ó rẹ̀ mí, Àǹtí mi." Qudrah pe ìyá ilé kejì kó wá jókòó tì í, ó sì gun ọ̀kadà lọ Òbò-Ayégúnlẹ̀. Susanna ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń tú okùn rẹ̀.

Susanna kò bá a jiyàn. Ó kàn mú kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn kan tó wà lẹ́yìn ilé.

Màmá rẹ̀ kò lọ Èkó. Orí ẹní ló wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ti gbẹ títí ó fi tó ti ọmọdé, awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun ojú. Ahọ́n rẹ̀ ti dúdú. Ètè rẹ̀ sì ń mì. Qudrah tẹ̀ba. Ìtàn ni ìyá náà ń sọ, wúyẹ́wúyẹ́, kò dúró, kò sinmi láti mí: ọmọbìnrin kan lọ pọnmi, ó pàdé ọkùnrin kan létí odò, ọkùnrin náà kò ní òjìji. Fóònù Susanna wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ń gbà á.

"Ẹnu wọn ni mo ti ń gbọ́ ìtàn, ẹnu wọn ni ó so okùn mọ́," ni Susanna wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ kó tú u. Ó ní àfi kó gbó."

"Ìwọ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mi ò lè jókòó tì wọ́n kí n má kọ ọ́. Kí ni kí n wá máa ṣe?" Ojú Susanna gbẹ. Ó ti sunkún títí, ó ti tán.

Qudrah jáde. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé náà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìyá Naheem. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan abẹ́rẹ́. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ṣe máa ń pè é nínú ilé.

Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó wọlé. Ìyá Naheem kọ́kọ́ bèèrè pé: "Bí mo bá pè é, á lọ nìyẹn, àbí?"

"Á lọ, mà."

Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn dé. Qudrah kò gbọ́ ọ. Ó rí i pé ó ti wọnú fóònù tán, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìdọ̀fin, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́hùn-ún.

Oòrùn ń mú. Ilẹ̀kùn yàrá kòkó wà ní ṣíṣí. Ó wọlé, ilẹ̀kùn sì tì lẹ́yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkùnkùn bo ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́ ohùn mi nínú fóònù alágbàro," ni Baba Oníkòkó wí láti inú òkùnkùn. Kò pariwo. "Mo fún ọ ní èrò, mo fún ọ ní owó. O jí ohùn mi, o fi tà."

"Bàbá, ẹ tú àbúrò mi sílẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ kí ó gbó. Àná ni mo tó tọ́ iyọ̀ wò lẹ́nu, láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹun láì mọ adùn. O fẹ́ kí n padà sẹ́yìn? Alààyè mélòó ló mọ adùn ohun tí wọ́n ń jẹ? Ìwọ gan-an, ìgbà wo lo ti gbádùn oúnjẹ kẹ́yìn?"

Qudrah ki ọwọ́ bọ báàgì. Ọwọ́ ọkùnrin náà ti dé ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ náà tutù, ó le, kò sí ìlù ọkàn níbẹ̀. Ó gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ru gba imú Qudrah, ọkùnrin náà sì na ahọ́n gbígbẹ, ó lá a kúrò lórí ètè rẹ̀.

"Ìwọ náà lóhùn," ni ó wí. "Kò dùn, ṣùgbọ́n ebi kì í ṣàṣàyàn."

Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní àyà Qudrah. Kì í ṣe èémí nìkan. Orúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ ń bọ́ lọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìyá rẹ̀ tó ti kú náà ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta afẹ́fẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá ojú fóònù nínú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tàn láti inú báàgì náà.

"Mìkáílù."

Ohùn obìnrin. Kò pariwo, kò kọrin oríkì. Ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

"Mìkáílù Àlàdé. Bàbá Naheem. Ṣé ibẹ̀ yẹn lẹ wà? Èmi ni. Èmi Mujeebat ni. Ọmọ ti dàgbà o, ó ti ń bọ́ ara rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ọwọ́ náà tú. Qudrah já lulẹ̀, ó ń wú ikọ́. Láti ilẹ̀ ló ti rí i: ọkùnrin náà dúró ní títọ́, ó kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó gbé ọwọ́ sórí, ó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ ti darúgbó," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ilà ojú rẹ̀ ṣí, àwọn ilà mìíràn sì ya láti inú wọn, títí ojú náà fi pín wẹ́wẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ ń dà láti ẹnu rẹ̀. Èékánná já bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Awọ apá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́, kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Òórùn òkú tó yẹ kó ti rà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kún inú yàrá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Qudrah bì sí ara rẹ̀. Nígbà tó fi lè gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Òwú funfun ló wà nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi dí imú òkú. Ọ̀kan nínú wọn pọ́n fòò, ó tutù: òwú Rafiat ni, ẹ̀jẹ̀ ti padà sínú rẹ̀. Ó mú un, ó fi wé inú ìborùn rẹ̀, ó sì fi orúnkún rá jáde sínú oòrùn.

Ní wákàtí yẹn náà ni màmá Susanna pa ẹnu dé ní Òbò-Ayégúnlẹ̀, tí wọ́n sì kú. Susanna sin wọ́n, kò sì kọ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà náà. Ó ń ta bíríkì.

Rafiat kò kú. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó jẹ ẹ̀kọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó jẹ iyán, ara ń padà bọ̀ sórí egungun rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò padà. Èyí tó kù ha, ó sì ń dá lójú ọ̀nà bí ọlọ tí kò lómi. Àwọn olùgbọ́ tú ká bí wọ́n ṣe wá. Àwọn tó ti ń gbọ́ wọn látilẹ̀ wá ló ṣẹ́kù, adíngàrí àti onídìrí mélòó kan. Qudrah ló ń kà á fún wọn báyìí, kíkà rẹ̀ kò sì dáa. Wọ́n ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, Rafiat bèèrè láì wo ojú rẹ̀.

"Àyẹ̀wò ibà tí ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́ sí, Àǹtí mi. Èsì rẹ̀ dà?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Qudrah. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó fi òwú náà hàn án. Rafiat gbọ́ ọ tán, ó gbé agbada ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jìnnà sí i díẹ̀, ó sì ń bó tirẹ̀ lọ. Kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Qudrah kò sì tíì ní ẹnu láti béèrè.

Ìyá Naheem náà fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti ń sún un síwájú, ó ní ojú ń ti òun.

"Òǹkọ̀wé, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ǹjẹ́ ó bèèrè mi?"

Qudrah gbé fóònù sọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí òkú máa ń sọ fún obìnrin tó fẹ́ràn bíi tirẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdì-ìdì, ó ti fi wọ́n jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ó dára, ó dùn. Ó pa á rẹ́. Rafiat wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Kò béèrè nǹkan kan, mà," ni ó wí níkẹyìn. "Ó gbọ́ ohùn yín, ó ní ohùn yín ti darúgbó. Ó dìde dúró. Ó wá gbé ọwọ́ sórí, ó ń wá nǹkan níbẹ̀, kò rí i."

Nígbà tí ìdáhùn dé, èémí obìnrin náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Fìlà rẹ̀ ni," ni Ìyá Naheem wí. "Kì í jáde láìdé fìlà. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí."

Rafiat wọlé, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pa á, ó sì gbé e dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

"Èyí, ẹ ò ní kọ ọ́ o, Àǹtí mi," ni ó fi ohùn híha náà wí.

Qudrah ní òun gbọ́. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, wọ́n sì ń wo fóònù tó dojú bolẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú.